Ẹnu Ọ̀nà Tí Kò Ní Àtẹ́rígbà

Lọ́jọ́ tí a sin bàbá mi àgbà, olùkọ́ ṣọ́ọ̀ṣì wa dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ sàréè, ó ní olóògbé jẹ́ ènìyàn jẹ́jẹ́, oníwà pẹ̀lẹ́, tí kì í bá ẹnikẹ́ni jiyàn. Mo fi ìborùn bo ẹnu mi. Àwọn ènìyàn rò pé ẹkún ni mò ń sun, ẹ̀rín ló fẹ́ pa mí. Ohun tó wá dùn mí ni pé ẹni tí ǹ bá yíjú sí kí n sọ pé, "Baba, ẹ gbọ́ nǹkan tí wọ́n ń sọ nípa yín," òun ló wà nínú ilẹ̀ níwájú mi.

Bàbá mi àgbà kì í ṣe ènìyàn jẹ́jẹ́. Akínlàbí ni orúkọ wọn, gbogbo abúlé wa lẹ́yìn Erúnmu ló sì mọ̀ pé wọ́n lè bá ògiri jà. Mi ò purọ́, mo ti rí wọn tí wọ́n ń bá ògiri jà. Àbẹ̀kẹ́ ni wọ́n ń pe èmi. Ìyá mi, ọmọ wọn kan ṣoṣo, kú nígbà tí mo wà lẹ́nu ọmú, ọwọ́ wọn ni mo sì dàgbà sí, títí mo fi kàwé lọ́dọ̀ olùkọ́, títí mo fi lọ sílé ọkọ. Nítorí náà, bí ẹlòmíràn bá fẹ́ sọ irú ènìyàn tí wọ́n jẹ́, kí ó jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ tèmi.

Wọn kì í kí onílé kí wọ́n tó kí ilé. Bí wọ́n bá dé ọ̀dọ̀ ènìyàn, wọn á kọ́kọ́ fi eegun ìka gbá ògiri, wọn á tẹ́tí, wọn á fi èékánná họ amọ̀ díẹ̀, wọn á tọ́ ọ wò, wọn á tu ú dànù. Lẹ́yìn ìyẹn ni wọn á tó béèrè bóyá àwọn ará ilé jí dáadáa. Ojú máa ń ti ìyá mi àgbà. "Baba Màríà, ènìyàn ló ń gbé inú ilé o, kì í ṣe amọ̀," ni wọ́n máa ń sọ, nítorí Màríà ni orúkọ ìyá mi. Ẹ̀yìn etí bàbá mi àgbà ni ọ̀rọ̀ náà ń bọ́ sí.

Díẹ̀ ló kù kí ìwà yìí ba ìgbéyàwó mi jẹ́. Àwọn ará Alákìá ti wá tọrọ mi fún Jákọ́bù ọmọ wọn, ọ̀rọ̀ ti wọ̀, ó wá kù kí àwọn tiwa lọ wo ilé tí mo ń lọ. Bàbá mi àgbà dé ẹnu ọ̀nà, wọ́n gbá ògiri, wọ́n gbá a lẹ́ẹ̀kejì, ojú wọn sì fà ro. Wọ́n ní, "Ìkánjú ló mọ ògiri yìí. Wọ́n gbé ìpele kejì lé àkọ́kọ́ kí ó tó gbẹ." Bàbá ọkọ mi, tí wọ́n ti wọ aṣọ ńlá tí wọ́n ń dúró de ìkíni, bi wọ́n bóyá ọmọ ni wọ́n wá fi fún àwọn tàbí wọ́n wá fẹ́ ògiri. Bàbá mi àgbà wò wọ́n bí ẹni tí kò rí ohun tó le nínú ọ̀rọ̀ náà. "Abẹ́ rẹ̀ ni ọmọ mi máa sùn," ni wọ́n wí. "Òun ni mo fẹ́ kọ́kọ́ mọ̀." Wọ́n wó ògiri náà, wọ́n tún un mọ, bàbá mi àgbà fúnra wọn sì lọ tẹ amọ̀ rẹ̀ pẹ̀lú ẹsẹ̀ méjèèjì, àgbàlagbà bí wọ́n ti rí. Inú ilé náà ni mo jókòó sí tí mo ń kọ èyí, òjò sì ń rọ̀ lóde.

Gbígbẹ ni ìṣòro wọn nínú ayé. Ẹni tó bá ń mọlé lọ́dọ̀ wa mọ̀ pé ìpele kan ni à ń mọ, a ó fi sílẹ̀ fún ọjọ́ mẹ́ta mẹ́rin kí ó gbẹ, kí a tó gbé òmíràn lé e. Bàbá mi àgbà gbé òfin yìí kúrò lára ògiri, wọ́n gbé e lé ohun gbogbo. Bí ìyá mi àgbà bá gbé ọbẹ̀ wá tí kò ki, "Kò tíì gbẹ." Bí olùkọ́ bá ṣe ìwàásù tí kò yé ènìyàn, "Kò tíì gbẹ." Nígbà tí mo kọ́ ìwé kíkọ, tí mo kọ orúkọ wọn sórí pátákó, tí mo gbé e lọ bá wọn pẹ̀lú ìgbéraga, wọ́n yí i sọ́tùn-ún, wọ́n yí i sósì. Mo ti mọ ohun tí wọ́n máa sọ, mo sì ti ṣetán láti bínú. Wọ́n gbé pátákó náà kọ́ sókè orí ibùsùn wọn, wọ́n ní, "Èyí gbẹ." Mi ò gba ìyìn tó jù bẹ́ẹ̀ lọ lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni láti ìgbà náà.

Àti olùkọ́ yìí kan náà tó ní wọn kì í jiyàn! Ọmọ Sàró ni olùkọ́, ènìyàn dáadáa ni, ṣùgbọ́n ó fẹ́ràn kí ọ̀rọ̀ tòun kẹ́yìn. Lọ́jọ́ Ìsinmi kan, nígbà tí ìjọ kéré tí abẹ́ igi la ti ń jọ́sìn, ó wàásù pé Ọlọ́run kì í gbé inú ilé tí a fi ọwọ́ kọ́, pé gbogbo ilé ńláńlá tí àwọn Agùdà kọ́ fún ère lókè òkun asán ni. Bàbá mi àgbà dìde láàárín ìwàásù. Ìyá mi àgbà fa etí aṣọ wọn, wọn ò jókòó. "Òótọ́ lẹ sọ, olùkọ́," ni wọ́n wí. "Ọlọ́run lè máà gbé ibẹ̀. Àwa la fẹ́ gbé ibẹ̀. Àwa lòjò ń pa." Àwọn ènìyàn bú sẹ́rìn-ín lábẹ́ igi náà. Ọ̀sẹ̀ yẹn gan-an ni olùkọ́ bẹ̀rẹ̀ sí í wá ilẹ̀ tí a máa fi kọ́ ṣọ́ọ̀ṣì.

Mo gbọ́dọ̀ sọ ti ìlú náà báyìí, nítorí ẹni tí kò bá mọ̀ ọ́n kò lè mọ bàbá mi àgbà. Líṣíbóà ni wọ́n ń pè é, olú ìlú àwọn Pọtogí, níbi tí odò ńlá kan ti pàdé òkun. Bí wọ́n ṣe débẹ̀ kì í ṣe ohun ìwúrí. Wọ́n mú wọn lẹ́rú ní ìlú wa àtijọ́ tó ti tú báyìí, wọ́n tà wọ́n dé etíkun, ọkọ̀ sì gbé wọn dé Bàhíà, ilẹ̀ àwọn Pọtogí kan ní òdìkejì òkun. Ẹni tó rà wọ́n níbẹ̀ jẹ́ ọ̀gá àwọn tó ń fi òkúta kọ́lé. Nígbà tí nǹkan dàrú ní Bàhíà tí ọ̀gá náà ń padà sílùú rẹ̀, ó kó irinṣẹ́ rẹ̀, ó sì kó bàbá mi àgbà mọ́ ọn. Ọdún mẹ́fà ni wọ́n fi gbé òkúta ní Líṣíbóà, tí wọ́n sì kọ́ bí a ṣe ń gbẹ́ ẹ, tí a sì ń tò ó. Lẹ́yìn náà ni wọ́n padà sí Bàhíà, tí wọ́n fẹ́ ìyá mi àgbà, tí wọ́n gba òmìnira, tí àwọn méjèèjì gbé ọmọ wọn wọ ọkọ̀ wálé.

Eérú ni wọ́n fi ń sọ ìtàn ìlú náà. Wọn á da eérú sílẹ̀, wọn á fi ìka ya òkè àti ilé tó ń gun òkè náà lọ, òrùlé ilé wọ̀nyí sì jẹ́ amọ̀ tí wọ́n sun bí a ṣe ń sun ìkòkò. Wọn á ya ṣọ́ọ̀ṣì àgbà tó ní ilé ìṣọ́ méjì níwájú, tó nípọn, tó ki pọ́pọ́, tí ẹni tí kò bá mọ̀ yóò rò pé ogun ni wọ́n ń jà níbẹ̀. Wọn á ya òmíràn létí odò, tí wọ́n gbẹ́ okùn sára òkúta rẹ̀, okùn tó lọ́ pọ̀ tó sì ní kókó, débi pé ọwọ́ wọn máa ń yún wọn láti tú u. Wọ́n mọ gbogbo igun ìlú náà. Wọ́n mọ ibi tí òkúta ti sán, wọ́n mọ ibi tí oníṣẹ́ kan ti ṣe àṣìṣe tó sì fi ère ewé bò ó.

Èyí tí wọ́n fẹ́ràn jù nínú gbogbo rẹ̀ kò ní òrùlé. Orí òkè ló wà. Kí wọ́n tó bí bàbá wọn ni ilẹ̀ ti mì nílùú náà, tí ilé wó lu ilé, tí omi ya wọ ìgboro, tí iná sì jó ìyókù. Òrùlé ṣọ́ọ̀ṣì yìí wó lu àwọn tó ń jọ́sìn lábẹ́ rẹ̀. Ṣùgbọ́n àwọn òkúta tó tẹ̀ bí ọrun, láti ògiri kan dé èkejì lókè réré, kò wó. Wọ́n dúró bẹ́ẹ̀, ojú ọ̀run ń hàn láàárín wọn, ẹyẹ ń fò kọjá. Mo bi wọ́n léèrè, èmi ọmọdé, ohun tó gbé òkúta dúró lókè nígbà tí kò sí igi lábẹ́ rẹ̀. Wọ́n kó ọwọ́ wọn méjèèjì jọ, orí ìka kan orí ìka. "Olúkúlùkù wọn ló fẹ́ ṣubú," ni wọ́n wí, "ṣùgbọ́n èkejì rẹ̀ kò fún un láyè."

Nígbà tí mo dàgbà díẹ̀, tí mo mọ ohun tí ẹrú jẹ́, mo bínú sí wọn. Mo ní báwo ni ènìyàn ṣe lè máa fi ìfẹ́ sọ̀rọ̀ ìlú tí wọ́n gbé e lọ pẹ̀lú ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀. Mo rò pé wọ́n máa bá mi jà. Wọ́n tẹ́ àtẹ́lẹwọ́ wọn méjèèjì síwájú mi, ó le bí èèpo igi. "Mo kórìíra ohun tó gbé mi débẹ̀," ni wọ́n wí. "Ọwọ́ mi nìkan ló fẹ́ràn ibẹ̀."

Ṣùgbọ́n ẹnì kan wà tí kò fẹ́ gbọ́ orúkọ Líṣíbóà rárá, ẹni náà sì ni ẹ̀gbọ́n wọn, Baba Sùmọ́nù, olórí agbo ilé wa. Ìyá kan náà ló bí wọn. Nígbà tí bàbá mi àgbà padà dé lẹ́yìn ogún ọdún ó lé, Baba Sùmọ́nù ti ṣe òkú wọn tipẹ́, wọ́n sì ti gba ẹ̀sìn Ìmọ̀lé. Àwọn tó wà níbẹ̀ sọ fún mi pé wọ́n di mọ́ àbúrò wọn, wọn kò fẹ́ fi í sílẹ̀. Wọ́n fún wọn ní ilẹ̀, wọ́n pín ilé fún wọn, inú àwo kan náà ni wọ́n sì jọ ń jẹun láràárọ̀. Síbẹ̀, kí bàbá mi àgbà ṣáà ti sọ pé, "Ní Líṣíbóà," Baba Sùmọ́nù á na ọwọ́ sí búútà àlùwàlá wọn, wọn á ní àsìkò ìrun ti tó. Oòrùn lè má tíì kúrò níbi tó wà láti òwúrọ̀, àsìkò ìrun ti tó nìyẹn.

Bí bàbá mi àgbà bá tẹ̀ síwájú, ó máa ń di ìjà. "Òkúta lókè, kò sí igi lábẹ́ rẹ̀," ni Baba Sùmọ́nù á wí fún àwọn tó bá wà nítòsí. "Irọ́ Agùdà." Ohun tí olórí ilé bá sọ ni ará ilé ń sọ, nítorí náà gbogbo abúlé bẹ̀rẹ̀ sí í pe bàbá mi àgbà ní Baba Líṣíbóà, wọ́n sì ń rẹ́rìn-ín sí i. Wọ́n lè fara da yẹ̀yẹ́ ará abúlé. Ti ẹ̀gbọ́n wọn ló ń dùn wọ́n. Mo ti bá wọn lẹ́yìn ilé tí wọ́n ń dá sọ̀rọ̀ sí ògiri pé, "Kí ni mo ṣe fún un? Ọdún mélòó ni mo lò lọ́hùn-ún? Ṣé kí n sọ pé mo sùn ni?"

Nígbà tí ogun Ìjàyè parí tí ọ̀nà là, ìjọ wa ṣetán láti kọ́ ilé. Bàbá mi àgbà ní àwọn á fún un ní ẹnu ọ̀nà kan tí ẹnikẹ́ni kò rí irú rẹ̀ rí láti Erúnmu dé Ìbàdàn: ẹnu ọ̀nà gbàgàdà tó tẹ̀ lórí bí ọrun, tí kò ní àtẹ́rígbà. Lọ́dọ̀ wa, ta ló ń mọlé láìgbé igi àtẹ́rígbà lé orí ẹnu ọ̀nà? Àwọn ènìyàn ń bọ̀ láti oko wá wo ibi tí ọ̀rọ̀ náà máa já sí. Bàbá mi àgbà fi pákó ṣe àpótí, wọ́n fi ń gé amọ̀ ní bíríkì, wọ́n sá a sí oòrùn. Wọ́n fi igi tẹ́ẹ́rẹ́tẹ́ẹ́rẹ́ di ohun kan tó rí roboto, tí wọ́n máa to bíríkì lé lórí, tí wọ́n á sì yọ kúrò bí bíríkì náà bá ti fara ti ara wọn. Wọ́n kò sùn dáadáa ní gbogbo ìgbà náà. Wọ́n mọ̀, èmi náà sì mọ̀, pé kì í ṣe torí ìjọ nìkan ni wọ́n fi ń mọ ọ́n. Wọ́n fẹ́ kí ẹ̀gbọ́n wọn fi ojú ara rẹ̀ rí i.

Ibà dá wọn dúbúlẹ̀ lọ́jọ́ tí ọ̀wẹ̀ bọ́ sí. Ọjọ́ ọ̀wẹ̀ kì í yẹ̀: oúnjẹ ti wà lórí iná, àwọn ọkọ ọmọ agbo ilé wa ti kúrò nílé wọn. Bí àwọn ọkọ ọmọ bá sì wá ṣiṣẹ́ fún àna, iṣẹ́ nìkan kọ́ ni wọ́n wá ṣe. Wọ́n wá fi hàn pé ọmọ tí a fi fún wọn kò bọ́ sọ́wọ́ ọ̀lẹ. Wọn á pín ara wọn sí méjì, apá kan á mú ògiri ọ̀tún, apá kan á mú tòsì, èyí tó bá kọ́kọ́ parí ni àwọn obìnrin á kọrin fún. Báyìí la ṣe ń mọlé láti ọjọ́ tí aláyé ti dáyé, kò sì sí ògiri tó bínú sí i. Bàbá mi àgbà pe olùkọ́ sí ẹ̀gbẹ́ ẹní wọn, wọ́n ní kí ó sọ fún àwọn ọkọ ọmọ pé kí wọ́n mọ ọ́n ní dọ́gbadọ́gba. Olùkọ́ sọ ọ́. Gbogbo wọn mi orí. Ohun tó yé wọn ni pé bí iṣẹ́ bá parí, kí ọ̀tún àti òsì bá ara wọn dọ́gba, àbí ògiri wo ni kì í rí bẹ́ẹ̀?

Àwọn ará Alákìá mú ọ̀tún, Jákọ́bù ọkọ mi ló ṣíwájú wọn. Àwọn ará Erúnmu mú òsì. Ẹ má bi mí ta ló bẹ̀rẹ̀ orin. Èmi ni. Mo kọrin fún ọkọ mi, mo sì kọrin bú àwọn ará Erúnmu pé ọwọ́ wọn wúwo bí ẹni tó jẹ iyán àná. Bí orin ti ń le ni iṣẹ́ ń yá. Kí oòrùn tó dé àárín orí, apá ọ̀tún ti tẹ̀ dé òkè pátápátá, ó ń wá èkejì rẹ̀ tí yóò fara tì, èkejì rẹ̀ sì ṣì wà nísàlẹ̀. Igi tó gbé e ró fì sápá kan. Mo rí i tó ń fì, orin ṣì wà lẹ́nu mi. Gbogbo rẹ̀ wó lulẹ̀, bíríkì kan sì fọ́ ọmọ ìka ẹsẹ̀ ọkọ mi.

Bàbá mi àgbà gbọ́ ìró rẹ̀ láti orí ẹní. Wọ́n jáde pẹ̀lú aṣọ ìbora lọ́rùn, ibà ń gbọ̀n wọ́n, wọ́n wo òkìtì amọ̀ náà, wọ́n wo ọ̀tún, wọ́n wo òsì. Ó yé wọn lójú ẹsẹ̀. Wọ́n béèrè ẹni tó ń kọrin. Mo ní, "Èmi ni, Baba." Wọ́n wò mí títí. "Ohùn rẹ dùn," ni wọ́n wí, wọ́n sì wọlé lọ. Wọn kò bá mi sọ ohunkóhun mọ́ lọ́jọ́ náà, ì bá sì sàn kí wọ́n nà mí.

Lọ́jọ́ kejì, Baba Sùmọ́nù pe gbogbo agbo ilé jọ sí ojúde. Wọn kò pariwo. Wọ́n ní, "Akínlàbí, nǹkan yìí ì bá pa ọmọ ọlọ́mọ. Ṣé o fẹ́ tún un mọ?"

"Mo fẹ́ tún un mọ, ẹ̀gbọ́n mi."

"Ó dára. Bí ó bá wó lẹ́ẹ̀kejì, o kò ní pe orúkọ ìlú yẹn nínú agbo ilé mi mọ́ títí tí èmi tàbí ìwọ yóò fi kú."

Bàbá mi àgbà ní, "Mo gbà. Bí kò bá wó ńkọ́?"

Baba Sùmọ́nù ní, "Bí kò bá wó, màá jókòó. Wàá sọ gbogbo rẹ̀ fún mi, láti ìbẹ̀rẹ̀." Mo rí ojú wọn nígbà tí wọ́n sọ ọ́. Mo rò nígbà náà pé ìbínú ló wà níbẹ̀.

Bàbá mi àgbà kò fi iṣẹ́ náà lé ẹnikẹ́ni lọ́wọ́ mọ́. Wọ́n dorí odó kodò síwájú ibi iṣẹ́, wọ́n jókòó lé e, wọ́n sì ṣòfin: kò sí orin. Bíríkì kan lọ́tùn-ún, bíríkì kan lósì. "Ọ̀tún," wọ́n á wí, ọkọ mi tó ń tiro á gbé tirẹ̀ lé e. "Òsì," ará Erúnmu á gbé tirẹ̀. Bí ẹnì kan bá gbé méjì, wọ́n á ní kí ó yọ ọ́. Ojú ti àwọn ọkùnrin náà, wọ́n ní ọmọdé ni wọ́n ń fi àwọn ṣe. Ṣùgbọ́n ní ọjọ́ tó kẹ́yìn, nígbà tí ọ̀tún àti òsì fẹ́rẹ̀ẹ́ kan ara wọn tí ó ku àyè bíríkì kan ṣoṣo lókè, gbogbo wọn ló dákẹ́ fúnra wọn. Bàbá mi àgbà gun àkàbà, wọ́n fi ọwọ́ ara wọn ki èyí tó kù bọ àyè rẹ̀. Wọ́n ní kí ẹnikẹ́ni má fọwọ́ kan igi tó wà lábẹ́ rẹ̀ títí àwọn á fi sọ̀rọ̀. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta la fi dúró.

Òwúrọ̀ ọjọ́ tí a máa yọ igi náà, kò sí ẹni tó lọ sóko. Àwọn ará Erúnmu wá, àwọn ará Alákìá wá, àwọn kan tilẹ̀ wá láti Ìrókò tí a kò pè. Baba Sùmọ́nù dúró lókèèrè pẹ̀lú àwọn Ìmọ̀lé ilé wa. Bàbá mi àgbà wọ aṣọ funfun, wọ́n rìn lọ sí abẹ́ ẹnu ọ̀nà náà, wọ́n sì dúró sí àárín gbùngbùn rẹ̀.

Jákọ́bù gbé òòlù, kò lè lù ú. Ó ní, "Baba, ẹ jọ̀ọ́, ẹ kúrò lábẹ́ rẹ̀."

"Lu igi," ni wọ́n wí.

"Baba, ẹ̀rù ń bà mí."

"Èmi náà, ẹ̀rù ń bà mí. Lu igi."

Ó lu igi. Igi yọ, eruku tú sílẹ̀, ẹnu ọ̀nà náà sì ké, ó ké gbàà bí ẹ̀ka tó fẹ́ ya. Àwọn ènìyàn sá. Èmi náà sá, mi ò ní purọ́ nínú ìwé yìí. Nígbà tí mo bojú wẹ̀yìn, eruku ń rọlẹ̀, bàbá mi àgbà wà níbi tí wọ́n wà, erùpẹ̀ lórí aṣọ funfun wọn, wọ́n gbójú sókè. Orí òfìfo ni bíríkì náà wà, amọ̀ abúlé wa, ó tẹ̀ bí ọrun, kò sì sí igi kankan lábẹ́ rẹ̀. Orí mi wú. Mi ò mọ ìgbà tí mo pariwo oríkì wọn. Olùkọ́ tó kórìíra ilé Agùdà ń fò sókè bí ọmọdé.

Àwọn ènìyàn ṣì ń yọ̀ nígbà tí Baba Sùmọ́nù la àárín wọn kọjá. Wọ́n dé abẹ́ ẹnu ọ̀nà náà, wọ́n tẹ́ awọ àgbò wọn sílẹ̀, wọ́n jókòó. Wọ́n ní, "Mo ti sọ pé màá gbọ́. Jókòó. Bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀."

Bàbá mi àgbà jókòó tì wọ́n. Mo súnmọ́ wọn, mò ń retí òkè àti odò àti òkúta tí wọ́n gbẹ́ bí okùn. Ibẹ̀ kọ́ ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀. Wọ́n ní, "Àwa méjèèjì la jọ lọ sóko láàárọ̀ ọjọ́ tí wọ́n mú mi. Inú ebè ni mo wà nígbà tí wọ́n yọ sí mi. Ẹ̀yin wọ igbó lọ já okùn. Mo pè yín. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo pè yín."

Baba Sùmọ́nù ń wo ilẹ̀. "Mo gbọ́," ni wọ́n wí.

"Mo gbọ́ ọ, Akínlàbí. Mo dojú bolẹ̀ sínú ewé, mo fi ọwọ́ bo ẹnu ara mi. Ìgbàkúùgbà tí o bá ti la ẹnu láti sọ ibi tí wọ́n gbé ọ lọ, ohùn yẹn ni mò ń gbọ́. Ìdí rẹ̀ nìyẹn tí mo fi ń dìde." Àgbàlagbà tí gbogbo agbo ilé ń bẹ̀rù ń sunkún lójú gbogbo wa, wọn kò sì bo ojú wọn.

Ẹ̀rù bà mí, nítorí mo mọ ìbínú bàbá mi àgbà. Wọ́n gbé ọwọ́ lé èjìká ẹ̀gbọ́n wọn. "Mo mọ̀ pé ẹ wà níbẹ̀," ni wọ́n wí. "Mo rí etí aṣọ yín láàárín ewé. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo pè, nígbà tí mo rí aṣọ yín, mo dákẹ́. Mo tún yíjú sápá ibòmíràn, kí wọ́n má baà wo ibi tí mò ń wò."

Wọ́n jókòó síbẹ̀ títí di ìrọ̀lẹ́, ìtàn Líṣíbóà sì tẹ̀lé e ní kíkún. Ọ̀pọ̀ òjò ti rọ̀ lé ẹnu ọ̀nà náà láti ìgbà yẹn, ó dúró, àwọn àlejò sì ń wá wò ó láti ọ̀nà jíjìn. Wọ́n máa ń bi mí bóyá ọmọ ọmọ ẹni tó mọ ọ́n ni mí. Mo máa ń sọ fún wọn pé bẹ́ẹ̀ ni, ṣùgbọ́n kì í ṣe ìyẹn ló ń mú mi gbórí sókè. Ọmọkùnrin kan wà nínú ebè láàárọ̀ ọjọ́ kan, okùn wà lọ́rùn rẹ̀, ó rí ẹni tó lè pè, ó sì pa ẹnu rẹ̀ mọ́. Ọmọ ọmọ ẹni náà ni mí.